Sípíríǹgì Tí Mo Yàn ní Mùṣín

Bí mo bá sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo fi ilé sílẹ̀ lọ sí àjò, òkè òkun ni ọkàn wọn máa ń lọ. Mo máa ń tún un ṣe fún wọn pé rárá o, Èkó ni mo lọ, Sùúrùlérè gan-an. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ṣé Èkó náà ni wọ́n ń pè ní àjò? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ibi tí ènìyàn bá ti jí láàárọ̀ tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀, àjò ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ìyàwó mi ti wá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Egungun ìbàdí ìyàwó mi ló lé wa jáde. Ó ti ń dùn ún tipẹ́, nígbà tó sì di pé kò lè dìde lórí ìjókòó bí ẹnìkan ò bá fà á, dókítà ní kí n mú un lọ sí Èkó, níbi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà yóò ti máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Délé, àkọ́bí wa, ń gbé Sùúrùlérè. Kò tíì gbéyàwó, yàrá kan sì ṣófo nílé rẹ̀. Ìyàwó mi ò fẹ́ lọ. Mo ní oṣù díẹ̀ péré ni. Mo ní bó bá ti lè gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú, ilé yá. Kò bá mi jiyàn. Ó di ẹrù rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ mì mí lójú àjò kì í ṣe ariwo jẹnẹrétọ̀, kì í sì í ṣe èrò. Ìkíni ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sí ẹnu géètì, mo ń kí àwọn tó ń kọjá gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe nílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de táì dúró, ó wò mí látòkè délẹ̀.

“Káàárọ̀, ọmọ mi,” ni mo wí. “Ṣé o jí dáadáa?”

“Bàbá, ẹ má bínú, mi ò ní ṣéńjì lọ́wọ́.”

Ó ti rìn jìnnà kí n tó mọ̀ pé ó rò pé alágbe ni mí. Mo wo ara mi. Bùbá mi mọ́, mo sì ti lọ̀ ọ́. Mo padà wọlé, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo máa ń dá ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pé kó lọ kọ́kọ́ kí ènìyàn dáadáa kó tó wọlé, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára àwọn ènìyàn bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń kọjá lára ògiri.

Òkè kejì ni Délé ń gbé. Á jáde níṣẹ̀ẹ́jú tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìrọ̀lẹ́ ni à ń rí i. Ọjọ́rú nìkan ni ìyàwó mi ń sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí mo bá fẹ́ fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí. Òrùlé páànù ilé kejì ló ń wò. Lọ́jọ́ Àìkú, Àbẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ á pè é láti ilé, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó ń kọ́lé, ìyàwó mi á sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Bí ìpè náà bá ti parí, á gbé fóònù lé orí tábìlì, á da ojú rẹ̀ délẹ̀, á tún kọjú sí páànù. Mo ń rí i. Mo rò pé ìsinmi ló ń sinmi.

*

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí mo gbé wá láti ilé ló mú mi mọ Mùṣín. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, sípíríǹgì ni irin tó ká bí ejò, tó wà nítòsí táyà kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀, òun náà ló sì ń gba ìyà kòtò kó má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Délé júwe ẹnìkan fún mi tí kò ṣe ju iṣẹ́ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì lọ. Ráṣídì lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún. Mùṣín ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí bàbá rẹ̀ sí. Ó yí ọkọ̀ mi po lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ lérán.

“Bàbá, ọkọ̀ yín mà ń jókòó bí ewúrẹ́ tó fẹ́ tọ̀.”

Ẹ má ṣe bi mí léèrè ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bá mi ṣeré. Ó fa àga onígi kan fún mi. Mo jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó yá àwọn tó wà níbẹ̀ kì í jókòó sórí àga náà mọ́ bí mi ò bá tíì dé.

Ìka ni Ráṣídì fi ń wọn àlàfo tó wà láàrin táyà àti etí fẹ́ńdà tó bò ó lórí. Á ní, “Ìka mẹ́rin ni ti ọ̀tún, ìka mẹ́ta ààbọ̀ ni ti òsì.”

“Ìka ta ni, Ráṣídì? Ṣé ìka tèmi àti ìka tìrẹ dọ́gba?”

“Ọ̀gá o! Ṣé ẹ fẹ́ fún mi ní ẹgba ni?”

Lọ́jọ́ kejì, mo mú rúlà lọ, mo mú ìwé àjákọ kan, mo fa ìlà sí i: iwájú ọ̀tún, iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì. Ó fi mí ṣẹ̀sín fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dé ibẹ̀, mo bá a tó ń wá abẹ́ ọkọ̀ kiri. Ó ń pariwo, “Ọ̀gá Tíṣà, rúlà dà? Níbo lẹ fi rúlà wa sí?”

Rúlà wa. Ọ̀gá Tíṣà. Lójú ọ̀nà Sùúrùlérè lọ́jọ́ náà, mo ń kọrin nínú ọkọ̀.

*

Délé ló mú ọ̀rọ̀ rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ wá. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń pàdé ní Ìgànmú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ débi pé ológbò kò ní lè gba abẹ́ wọn kọjá. “Dádì,” ló wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá ló ń pè mí nílé kí Èkó tó yí i padà, “ṣebí a máa pààrọ̀ sípíríǹgì yẹn náà ni. Ẹ jẹ́ ká kúkú rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Á gún régé.”

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ kò ju pé kí wọ́n mú irin gígùn kúrò kí wọ́n fi kúkúrú sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ráṣídì ló là mí lóye. Sípíríǹgì tó bá kúrú gbọ́dọ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kò bá le, ọkọ̀ á máa já lu rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ní gbogbo kòtò. Bó bá sì le, kòtò tí irin kò gbà, ara ènìyàn ló máa gbà á. Nítorí náà, gbogbo ìwọ̀n tí ènìyàn bá fi kún ẹwà ọkọ̀, ara ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi ayùn iná gé ojúlówó sípíríǹgì kó lè kúrú lọ́fẹ̀ẹ́. Ráṣídì kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ìpànìyàn ni.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó tẹ́ oríṣi méjì sílẹ̀ níwájú wa, dúdú àti pupa. Délé wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ bí i mẹ́fà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dúró yí wa ká.

“Ọ̀gá Tíṣà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀,” ni Ráṣídì wí. “Dúdú yìí á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìǹṣì kan. Ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ojú á rí i díẹ̀. Pupa á rẹ̀ ẹ́ ní ìǹṣì méjì ààbọ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ ọkọ̀. Àmọ́ ó le o.”

“Dúdú ni kẹ́ ẹ mú, Dádì,” ni Délé wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Nítorí Mọ́mì.”

Ó yà mí lẹ́nu pé òun ló sọ ọ́. Mo ti fẹ́ dáhùn pé òótọ́ ni nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́ kan tó kun irun rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, fò sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn o! Pupa ni! Dúdú wà fún àwọn bàbá arúgbó!”

“Ṣé o ń wo Ẹ̀gbọ́n bí ẹni tó máa gbé dúdú ni?” ni èkejì wí. “Wo bí wọ́n ṣe ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn sókè. Bọ̀ìsì ni wọ́n!”

Wọ́n hó yèè. Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe Bàbá, kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ní àwọn ò ní ṣéńjì fún. Mo mọ ohun tó tọ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Mo gbé ẹsẹ̀ mi, mo fi bàtà tọ́ka sí sípíríǹgì pupa.

“Ẹ fi èyí sí i.”

Délé wo ilẹ̀. Èmi ni mo tọ́ ọ, mo sì tọ́ ọ dáadáa: kò jẹ́ bá bàbá rẹ̀ jiyàn lójú àwọn ènìyàn. “Ó dáa, Dádì,” ló wí.

Nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ láti orí jáàkì, ó rọra wálẹ̀ bí àgbà ìjòyè tó ń jókòó. Etí fẹ́ńdà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kan táyà. N kò ní parọ́, ó rẹwà. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń ya fọ́tò, wọ́n fà mí sáàrin. Ráṣídì ní ká lọ wà á wò. Mo fẹ́ wọ ẹ̀yìn, ó yára ṣílẹ̀kùn iwájú fún mi.

“Háà, Ọ̀gá Tíṣà! Kí wọ́n rí mi pé mo gbé àgbà sẹ́yìn bí ẹrù? Iwájú ni tiyín.”

Ó wakọ̀ jẹ́jẹ́. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà tí kòtò pọ̀ sí, ó gbé mi gba títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí. Ó bi mí pé báwo ló ṣe rí lára. Mo ní kò le rárá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ: *Kò le.*

*

Ìyàwó mi kò mọ̀ títí di ọjọ́rú. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, á na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí ìjókòó, á fi ìrọ̀rí ti ìdí. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó rí i pé ìjókòó ti lọ sísàlẹ̀. Ó di apá mi mú, ó já jókòó. Mo gbọ́ bó ṣe mí sínú.

“Ṣé kò sí?”

“Kò sí nǹkan kan. Ọkọ̀ yín ti rẹwà, Bàbá Délé.”

Inú mi dùn! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé sípíríǹgì fún un láti ilé dé Costain, pupa àti dúdú, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ sọ. Ó ń dáhùn pé hẹn, hẹn ẹn. Mo ti sọ̀rọ̀ jìnnà kí n tó wo dígí orí mi. Kó tó di pé a dé orí òkìtì ojú títì kọ̀ọ̀kan, ìyàwó mi á ti di irin òkè ilẹ̀kùn mú, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, á dì í mú bẹ́ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ojú dídì, títí a ó fi kọjá. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Bí mo bá dákẹ́, á ní, “Mò ń gbọ́ yín.”

Mo sọ fún ara mi pé á mọ́ ọn lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú méjì nínú àwọn ọ̀sẹ̀ náà, mo bá Délé lọ sí Ìgànmú.

Ní ọjọ́rú kẹta, obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un jáde sí mi, ó bínú.

“Bàbá, kí ni Màmá ń ṣe nílé? Ibi tá a bá a dé, ó ti padà sẹ́yìn kọjá ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀.”

Kí n tó lanu, ìyàwó mi dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni.”

Kò ṣubú rí. Ogójì ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mi ò tún un ṣe. Mo dúró níbẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n bá a wí pé kó máa wo ilẹ̀.

Nígbà tí a padà dénú ọkọ̀, mi ò lè tan iná sí i.

“Ìyá Délé, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ kí ni?”

“Pé ọkọ̀ yìí ń pa ọ́ lára.”

“Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń pè yín lórúkọ. Ojú yín ti ń dán. Ṣé kí n wá gba ìyẹn lọ́wọ́ yín?” Ó tún ìrọ̀rí ṣe lábẹ́ ìdí. “Kì í ṣe sípíríǹgì, Bàbá Délé. Láti ìgbà tí a ti dé, ẹ mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà ní Mùṣín. Ta ni mo mọ̀? Ẹ ò bi mí rí. Mo fẹ́ lọ sílé.”

*

Láti ilé ìwòsàn, mo gbé e délé, mo sì gba Mùṣín lọ tààrà. Ráṣídì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó gbé sípánà sílẹ̀.

“Ọ̀gá Tíṣà, ẹ̀yìn ni Màmá ń jókòó sí?”

“Ẹ̀yìn ni.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“O ò bi mí.”

“Ta ni mí tí màá máa wádìí ibi tí ìyàwó àgbà ń jókòó sí?” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà, ó nù ún kọjá bó ṣe yẹ. “Ọ̀nà tó jọ̀lọ̀ ni mo gbé yín gbà lọ́jọ́ yẹn. Mo yẹ́ yín sí ni.”

Kò purọ́. Gbogbo wọn ló yẹ́ mi sí. Délé yẹ́ mi sí, kò bá mi jiyàn. Ráṣídì yẹ́ mi sí, ó fi mí síwájú. Ìyàwó mi yẹ́ mi sí ju gbogbo wọn lọ. Èmi nìkan ni mi ò yẹ́ ẹnikẹ́ni sí.

Dúdú ti tà. Ẹni tó ń kó o wá ní á tó ọ̀sẹ̀ méjì kí òmíràn tó dé. Ti àtijọ́, èmi ni mo ní kí wọ́n kó o dànù. Mo bẹ ìyàwó mi pé kó dúró dè mí fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ ti wà lọ́nà tó ń bọ̀ wá mú òun.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀, ní ibùdókọ̀ Ìdó. Délé fẹ́ kí ẹnìkan yá wa ní ọkọ̀ ńlá, ìyàwó mi ní rárá, bọ́ọ̀sì ga, ìjókòó rẹ̀ sì fẹ̀. Kí Délé àti Àbẹ̀kẹ́ tó gbé e gun orí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, obìnrin kan tó ti jókòó ṣí ààyè fún un, ó ní, “Ẹ wá jókòó tì mí, Ìyá. Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi náà ń lọ. Ọmọ ta ni yín?”

Ìyàwó mi sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Obìnrin náà pariwo, ó dì mọ́ ọn. Kí awakọ̀ tó tan iná sí ọkọ̀, wọ́n ti wọnú ọ̀rọ̀ lọ. Mo dúró nísàlẹ̀ fèrèsé, mo ń dúró kó wo ìta. Nígbà tó wò, ó ti ń rẹ́rìn-ín nítorí ohun tí obìnrin náà sọ, ẹ̀rín náà sì ṣẹ́kù lójú rẹ̀ nígbà tó juwọ́ sí mi.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Délé ń bẹ̀ mí kí n má lọ, kó má baà dá wà nílé. Ìyẹn ni mo máa ń sọ bí wọ́n bá bi mí ìdí tí mo fi ṣì wà ní Sùúrùlérè. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìyàwó mi kò ní kí n máa bọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ní ó ń fi ọ̀pá rìn dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ó sì ń padà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí Ráṣídì fi dúdú sí ọkọ̀ náà, mo pe ìyàwó mi lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún un pé a ti tún un ṣe. Mo ní ẹ̀yìn ni mo jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí Ráṣídì gbé mi gba gbogbo kòtò Mùṣín, mo sì wọn àlàfo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un láti inú ìwé àjákọ. Mo ní kò ní dun ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń dúró dè é.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Délé,” ló wí.

Bí a ṣe ń kí ẹni tí a bá lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà nìyẹn, kí a tó kọjá lọ.